Kẹ̀kẹ́ Tí Oyinkán Gbà Lórí Òkè

Ìgbà mẹ́jọ ni Adégbọlá ti wọ eré lọ́dún náà, ìgbà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni wọ́n sì ṣà á kúrò bí ẹni ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Wọn kì í jẹ́ kó parí. Òfin eré náà ni pé bí ẹni tó wà níwájú bá ti fẹ́ yí ká dé ẹ̀yìn ẹni ìkẹyìn, rẹfirí á na ọwọ́ sí ẹni ìkẹyìn náà pé ó tó gẹ́ẹ́, bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n gùn ráyè kọjá. Tí ìwé èsì bá wá jáde, orúkọ Adégbọlá á wà nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n á fi lẹ́tà mẹ́ta tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́: DNF. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọkùnrin yìí wá o, àmọ́ kò dé ibi tó ń lọ.

Cyclocross ni àwọn òyìnbó ń pe eré náà. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ dẹ́rù bà yín. Ẹrẹ̀ ni. Wọ́n á mú pápá tó dára, wọ́n á fi okùn pílásítíìkì la ọ̀nà wọ́gọwọ̀gọ sínú rẹ̀, wọ́n á wá dúró de ìgbà tí òjò bá rọ̀, tí òtútù sì ń géni létí jẹ, kí wọ́n tó ní ó yá. Níbi tí ilẹ̀ bá tẹ́jú, o gùn ún. Níbi tí wọ́n bá gbé pákó dábùú ọ̀nà, o bọ́ sílẹ̀, o fò ó. Níbi tí òkè bá ga jù, o gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, o sáré gòkè. Kẹ̀kẹ́ tí a fowó rà kó máa gbé wa kiri, àwa la tún ń gbé e.

Lọ́jọ́ tí Ọmọ́kẹ́mi ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ rí i nínú aṣọ ẹlẹ́rẹ̀ náà, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.

"Dádì Zoe, ṣé owó ni wọ́n ń san fún yín ni, àbí ẹ̀ṣẹ̀ lẹ ṣẹ̀?"

"Kò sówó níbẹ̀."

"Ẹ̀ṣẹ̀ ni, nígbà náà." Ó gbé báàgì iṣẹ́ rẹ̀, ó gba ọsibítù lọ.

Èyí tó kù yìí ni ìkẹsàn-án, òun náà ni àṣekágbá ọdún: Sunday kejì nínú oṣù Kejìlá, ní pápá kan lẹ́bàá Beltsville. Ká ní ti ọdún náà nìkan ni, Adégbọlá ì bá rẹ́rìn-ín, kó ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Àmọ́ ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kìíní, dókítà á ṣí ìbàdí ọ̀tún rẹ̀, á yọ orí egungun tó ti jẹ, á fi irin rọ́pò rẹ̀. Dókítà ti là á mọ́lẹ̀ fún un. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó lè gun kẹ̀kẹ́ lójú títì wọ́ọ́rọ́wọ́ bíi baba àgbà. Kó gbé e sáré lórí òkè, kó máa fo pákó, ìyẹn ti tán láyé rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni. Kò bẹ Ọlọ́run pé kó fún òun ní ipò kìíní. Ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ohun kan péré ló ń tọrọ: kí òun kọjá lórí ìlà ìparí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n kọ nọ́ńbà síwájú orúkọ òun, ì báà jẹ́ nọ́ńbà ìkẹyìn.

Ní ọ̀sán Sátidé, fóònù rẹ̀ dún. Mobáyọ̀ ni, àbúrò rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ń ṣe wákàtí méjìlá méjìlá bí ẹni pé òun nìkan ló bí gbogbo aláìsàn ìlú.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ìyàwó yín dání lọ́la. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tó dé, ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀."

"Eré ni mò ń lọ sá, Mobáyọ̀."

"Ẹ jẹ́ kó máa wò yín. Á tiẹ̀ rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín."

Ẹ gbọ́ ẹnu àbúrò! Àmọ́ Adégbọlá gbà.

Oyinkán lorúkọ ìyàwó Mobáyọ̀. Kẹ́mísìrì ló kọ́ àwọn ọmọ iléèwé fún ọdún mẹ́sàn-án ní Ìbàdàn kí físà tó dé, ahọ́n rẹ̀ mú, kì í sì í gba gbẹ̀rẹ́. Síbẹ̀, wọ́n tọ́ ọ nílé. Ìyàwó kì í pe orúkọ ará ilé ọkọ, nítorí náà ọjọ́ tó dé ló ti sọ gbogbo wọn lórúkọ. Zoe, ọmọ Adégbọlá tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, di Arẹwà. Adégbọlá fúnra rẹ̀, tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì ìjọba ní Suitland, di Akọ̀wé mi. Kò sì sí ẹrù tí ẹnikẹ́ni nínú wọn lè gbé lójú Oyinkán. Sunday tó kọ́kọ́ wá kí wọn ní Hillcrest Heights, ó já àpò ìdọ̀tí gbà lọ́wọ́ Adégbọlá lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì.

"Fi sílẹ̀, ìyàwó. Kò wúwo."

"Ẹ gbé e wá jàre, Akọ̀wé mi. Ṣé kí n máa wò yín ni?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Nínú ilé wa, "fi sílẹ̀" kì í ṣe kíkọ̀. Ìwà ọmọlúàbí àgbà ni: àgbà á ní fi sílẹ̀, ọmọ tó bá sì fi í sílẹ̀ lóòótọ́, wọ́n á béèrè ilé tó ti jáde wá. Zoe tí wọ́n bí sí Maryland, tó o bá ní kó fi sílẹ̀, á ní "Okay," á sì yí ẹ̀yìn padà. Oyinkán kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láé.

Nínú mọ́tò, láàárọ̀ Sunday, Oyinkán kò dákẹ́.

"Akọ̀wé mi, ta ni á bá yín mú omi dání?"

"Kò sí."

"Tí ẹ bá ṣubú ńkọ́?"

"Màá dìde."

"Ẹ̀yin nìkan, ní ọjọ́ orí yín!"

"Ènìyàn kan, kẹ̀kẹ́ kan. Bí eré náà ṣe rí nìyẹn."

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó ti là á yé e. Ó yẹ kó sọ pé èmi fúnra mi ni màá gbé kẹ̀kẹ́ gòkè, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìtìjú ló pa á lẹ́nu mọ́. Báwo lo ṣe fẹ́ sọ fún ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé pé ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là lo fi ra ẹrù fún èjìká ara rẹ? Ó ní tó bá rí i, á yé e. Ìbàdí rẹ̀ sì ti ń ta á látàárọ̀. Ọkàn rẹ̀ kò sí níbi àlàyé ṣíṣe rárá.

Nígbà tí wọ́n dé, ó mú Oyinkán lọ síbi òkè gíga tó wà ní apá ìkẹyìn ọ̀nà, torí ibẹ̀ lèèyàn ti ń rí eré jù. Aaron wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ kan náà lòun àti Adégbọlá ń ṣe ní Suitland, òun ló sì fa Adégbọlá wọnú ẹrẹ̀ ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Aaron ti ṣubú nínú oṣù Kẹwàá, ó kán ní apá, nítorí náà agogo màlúù kan ló mú wá, kó lè máa lù ú, kó sì máa pariwo.

"Dúró ti ọkùnrin yìí," Adégbọlá sọ fún ìyàwó àbúrò rẹ̀. "Níbí lo ti máa rí mi dáadáa."

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé e dúró síbẹ̀.

Méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n, gbogbo wọn ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́ta. Ìyípo márùn-ún ni wọ́n máa ṣe. Bí fèrè ṣe dún, mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ, ó ṣẹ́ku ẹnì kan. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ilẹ̀ ti di ẹ̀kọ gbígbóná. Táyà ń rì, ṣéènì ń ké, ẹrẹ̀ ń dì mọ́ bíréèkì bí ẹ̀bà tó jóná mọ́ ìkòkò. Ní ìyípo kìíní, Adégbọlá fo pákó méjèèjì láìṣubú. Nígbà tó gbé kẹ̀kẹ́ dé orí òkè, Aaron ti dúró dè é.

"Adé! Ìyá ìyá mi ti kọjá níbí! Ó ní kí n kí ọ!"

Àwọn tó dúró ti okùn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń lu agogo. Ẹlòmíràn ní, "Má wulẹ̀ yára o, àwọn tó ń sáré lọ́dún tó ń bọ̀ ò tíì dé!" Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Èébú ni oríkì wọn níbẹ̀. Ẹni tí wọn kò bá fẹ́ràn, wọn kì í bú u. Inú Adégbọlá dùn. Ó gbójú sókè, ó rí Oyinkán. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ká apá mọ́ àyà, ó ń wo ẹnu Aaron bí olùkọ́ ṣe ń wo ọmọ tó sọ̀rọ̀ àìtọ́ ní kíláàsì. Adégbọlá rò pé òtútù ló ń mú un.

Ìyípo kejì, ìyípo kẹta. Wọn kò tíì bá a. Ẹrẹ̀ náà nípọn débi pé àwọn alágbára gan-an ń wọ́ bí ìgbín, ẹni tó wà níwájú sì ṣubú níbi pákó, ṣéènì rẹ̀ já bọ́. Ìgbà tí Adégbọlá fi máa parí ìyípo kẹrin, ó ń gbọ́ mímí ẹni iwájú náà, tó ń parí ìkarùn-ún tirẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀. Ìlà ìparí wà lọ́ọ̀ọ́kán. Bí ẹni yẹn bá dé ìlà ṣáájú rẹ̀, ó parí, DNF ìkẹsàn-án. Bí òun bá fi ìgbésẹ̀ kan péré ṣáájú, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kó lọ ṣe ìyípo ìkẹyìn.

Bridget ló dúró síbẹ̀, rẹfirí àgbà nínú jákẹ́ẹ̀tì yẹ́lò, obìnrin tó ti na ọwọ́ sí i nígbà mẹ́jọ lọ́dún náà. Ó wo Adégbọlá. Ó wo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Adégbọlá dìde lórí kẹ̀kẹ́, ó tẹ pẹ́dà bí ẹni tí ajá ń lé, ìbàdí rẹ̀ kígbe, ó kọjá.

Bridget kò na ọwọ́. Agogo ló mì.

Agogo ìyípo ìkẹyìn nìyẹn. Gbogbo ọdún márùn-ún, ó ń gbọ́ ọ fún ẹlòmíràn láti ẹ̀yìn okùn, tòun ti ife tíì lọ́wọ́. Èyí, òun ni wọ́n lù ú fún. Omijé bọ́ sójú rẹ̀, ẹrẹ̀ sì gbà á.

Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ẹni iwájú fi gba ipò kìíní lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn yòókù ń dé ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń bọ́ akoto, tí wọ́n ń mu omi. Gbogbo pápá wá ṣófo, ó ku ènìyàn kan ṣoṣo tó ń rákò láàárín okùn méjì, bí èèrà tó já sínú abọ́. Kò sẹ́ni tó ń lé e mọ́. Kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ mọ́. Kó ṣá ti dé ni.

Ó fo pákó. Ó ṣubú lórí ìkejì, ó dìde. Ó dé ìsàlẹ̀ òkè. Gbogbo àwọn tó ti parí eré ti wá pé jọ síbẹ̀ láti wo ẹni ìkẹyìn, ariwo agogo sì ń dun etí. Ó gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká. Ẹrẹ̀ ti sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ìwọ̀n rẹ̀.

Ní ìdajì òkè, ìbàdí náà kọ̀.

Kì í ṣe pé ó dùn ún. Ó ti ń dùn ún tipẹ́. Ó kọ̀ ni. Adégbọlá ní kí ẹsẹ̀ ọ̀tún gbéra, ẹsẹ̀ ọ̀tún kàn ń wò ó bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ lọ. Ó ti ṣe é bẹ́ẹ̀ rí, ó mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe: kó dúró jẹ́ẹ́, kó ka oókan dé ogún, iṣan á tú. Ó dúró nínú ẹrẹ̀, kẹ̀kẹ́ lọ́rùn, orí rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

"Adé, ṣé kí a pe mọ́tò fún ọ ni?"

Mẹ́rin, márùn-ún.

"Ẹ wò ó, ó ti ta gbòǹgbò!"

Mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, mọ́kànlá. Ó mọ̀ ọ́n lára pé ọwọ́ kan di táyà mú.

"Ẹ gbé e wá, Akọ̀wé mi."

Ó la ojú. Oyinkán ni. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gba abẹ́ okùn wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rì dé ọrùn bàtà, ẹrẹ̀ sì ti ta sí àyà jákẹ́ẹ̀tì funfun tí Mobáyọ̀ rà fún un.

"Ìyàwó! Jáde! Jáde kúrò níbí!"

"Ẹ gbé e wá jàre. Odidi ènìyàn bí àádọ́ta dúró, wọ́n ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, kò sí ọmọ ènìyàn kan láàárín wọn."

"Fi sílẹ̀!"

"Ẹ ti dé náà nìyẹn. Fi sílẹ̀, fi sílẹ̀."

"Mo ní fi sílẹ̀! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, fi sílẹ̀! Òfin ni—"

"Òfin wo? Òfin pé kí n máa wo ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lábẹ́ ẹrù? Wọn kò ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ nílé wa."

Gbogbo fi sílẹ̀ tó ń sọ, epo ló ń dà síná. Bó ṣe ń kọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni Oyinkán ń rí àgbàlagbà tí kò fẹ́ yọ ọmọ lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ wo ló kù lédè Yorùbá tó lè fi kọ ẹrù fún ìyàwó ilé, tí ìyàwó ilé á gbà pé ó kọ̀ ọ́ lóòótọ́? Ó wá a, kò rí i. Ó di kẹ̀kẹ́ mú. Oyinkán fà á. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni Adégbọlá ní nígbà yẹn, ẹsẹ̀ náà sì yọ̀, ó fi orúnkún kanlẹ̀, ni kẹ̀kẹ́ bá lọ.

Oyinkán já fìlà òtútù orí rẹ̀, ó ká a bí òṣùká, ó gbé e kárí, ó sì gbé kẹ̀kẹ́ lé e. Ó kọjú sí òkè, ó ń lọ. Kò sáré, kò dúró. Bí ẹni ń ti odò bọ̀ ló ṣe ń gun òkè tí àwọn ọkùnrin ti ń fi ọwọ́ àti orúnkún gùn látàárọ̀.

Ariwo tó sọ níbẹ̀, wọ́n á gbọ́ ọ dé ojú títì Beltway. Wọ́n ń lu agogo, wọ́n ń fò sókè, gbogbo fóònù ló wà lójú sánmà. Aaron nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ju apá tó dára, ó ń kígbe pé rárá, rárá, dá a padà! Ta ló máa gbọ́ ọ? Adégbọlá ń fi ọwọ́ rákò tẹ̀lé ìyàwó àbúrò rẹ̀, ó ń pè é, ohùn rẹ̀ kò sì kọjá ẹnu ara rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ni ohun tó ń pa á.

Ní orí òkè, Oyinkán sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀, ó fi ìkángun súkáàfù rẹ̀ nu ìjókòó, ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Ẹ gùn ún báyìí. Ẹ máa lọ, mò ń bọ̀ lẹ́yìn yín."

Kí ni kó ṣe? Kó bú ẹni tó kúnlẹ̀? Ó gun kẹ̀kẹ́. Ó gùn ún wálẹ̀, ó gbà á lẹ́bàá àwọn igi, ó kọjá lórí ìlà ìparí tó ti ń lá àlá rẹ̀ láti ọdún márùn-ún. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Bridget dúró níwájú, rédíò kékeré kan lọ́wọ́ rẹ̀. Rẹfirí tó wà lórí òkè ti bá a sọ̀rọ̀.

"Adé, wá díẹ̀," ó sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Wọ́n ní ẹnì kan gbé kẹ̀kẹ́ rẹ gòkè."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O mọ òfin. Ẹni tí wọ́n bá ràn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, a máa fagi lé e."

"Mo mọ̀ ọ́n."

Bridget wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnikẹ́ni wà nítòsí. Obìnrin yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìgbà mẹ́jọ tó na ọwọ́, kò sí ìkankan tó dùn mọ́ ọn.

"Fetí sílẹ̀ dáadáa. Tó bá jẹ́ pé àjèjì kan tí o kò mọ̀ rí ló ya wọlé, tó já kẹ̀kẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ, ìyẹn kì í ṣe ìrànlọ́wọ́. Wọ́n dí ọ lọ́wọ́ ni. N kò ní fi ìyà wèrè ẹlòmíràn jẹ ọ́. Nọ́ńbà méjìlélọ́gbọ̀n ni màá kọ síwájú orúkọ rẹ." Ó gbé bírò sórí ìwé. "Nítorí náà mò ń bi ọ́: ṣé o mọ obìnrin yẹn?"

Méjìlélọ́gbọ̀n. Adégbọlá rí nọ́ńbà náà níbi tí Bridget fẹ́ kọ ọ́ sí. Irọ́ náà kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ. Ta ló máa pa lára? Mobáyọ̀ kò sí níbẹ̀, Ọmọ́kẹ́mi kò sí níbẹ̀, ìbàdí tuntun ń bọ̀ lóṣù Kìíní, kò sì sí Sunday mìíràn. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré bọ̀ nínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, pàṣà pàṣà. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó la ẹnu.

"I don't—"

"Ó mọ̀ mí dáadáa!" Oyinkán ti dé, Gẹ̀ẹ́sì tó fi kọ́ kẹ́mísìrì ló sì fi sọ ọ́, ó ń mí hẹlẹ, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Ilé kan náà ni wá. Oyinkán lorúkọ mi, tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó rò pé wọ́n fẹ́ yìn ín ni. Ó dúró ti Bridget, ó ń pe lẹ́tà orúkọ rẹ̀ fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bridget wo Adégbọlá. Adégbọlá wo ilẹ̀. Bírò náà rìn díẹ̀ lórí ìwé, kì í sì í ṣe nọ́ńbà ló kọ. "Má bínú, Adé," ó sọ, ó fọwọ́ kàn án léjìká, ó yí padà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń dúró de eré tó kàn.

Aaron bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fọ kẹ̀kẹ́. Ojú rẹ̀ ti funfun ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ.

"Èmi ni, Adé. Ó bi mí pé ṣé ẹnì kan lè ràn ọ́ lọ́wọ́. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn án lọ́wọ́, ẹ ò rí i bó ṣe rí ni? Àwàdà ni mo ń ṣe! Mo rò pé òun náà ń ṣàwàdà."

"Kò jẹ́ nǹkan kan," Adégbọlá sọ.

Nínú mọ́tò, Oyinkán ti pe Ìbàdàn kí wọ́n tó wọ ojú Beltway. Ojú ìyá wọn, ìyá Adégbọlá àti Mobáyọ̀, kún inú fóònù.

"Gbọ́lá! Ìyàwó ní o fẹ́ kú sínú ẹrẹ̀."

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. N kò kú, mà."

"Ó ní òun ló gbé kẹ̀kẹ́ fún ọ, tí àwọn òyìnbó ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Ṣé o ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Mo máa dúpẹ́, mà."

"Ìgbà wo? Dúpẹ́, kí n gbọ́."

Ó di ọwọ́ mọ́ sítíárìn. "O ṣeun, ìyàwó."

"Ẹ̀hẹ́n. Oyinkán, Ọlọ́run á gbé ìwọ náà gòkè. Ipò wo ló ṣe?"

"Akọ̀wé mi, Màmá ní ipò wo lẹ ṣe?"

Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá, ó da omi sí gíláàsì wọn. "Sọ fún wọn pé mo dé ìlà," Adégbọlá sọ.

Màmá gbàdúrà tó gùn, fóònù kú. Oyinkán fi fóònù sínú àpò, ó ń fi èékánná ha ẹrẹ̀ gbígbẹ kúrò lára jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Akọ̀wé mi."

"Ìyàwó."

"Òyìnbó yẹn bi yín pé ṣé ẹ mọ̀ mí."

"Ó bi mí."

"Ẹ ní 'I don't.' Mo gbọ́ ọ kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín. I don't kí ni?"

Ìbàdí rẹ̀ ń lù kì kì bí ọkàn kejì.

"I don't know how to thank her. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn."

Oyinkán yí ojú sí i. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi dúró níwájú àwọn ọmọ tó ní ewúrẹ́ ló jẹ ìwé àwọn. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ pẹ́ títí, ó wò ó, ó wò ó, Adégbọlá sì ń wo títì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ mọ́tò.

"Ó dáa, sà," Oyinkán sọ.

Ó kọjú sí fèrèsé. Láti ibẹ̀ dé Hillcrest Heights, kò pè é ní Akọ̀wé mi mọ́; sà ló ń pè é.